Ìkọ̀sílẹ̀ Tí Kò Ní Ìjà Nínú

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi pinnu pé ká tú ìgbéyàwó wa ká, kì í ṣe ọkọ ni mo ń bẹ̀rù láti pàdánù. Ìyá rẹ̀ ni. Ọkọ ní tirẹ̀ ti lọ tipẹ́. Kàdúná ló wà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan, èmi sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mò ń ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìjọba gbé ètò Sáàpù dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, tí owó mọ́tò di ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà ọdún nìkan ló kù tó ń wá. Tó bá dé, màá se oúnjẹ tó dáa, òun náà á sì máa dúpẹ́ bí àlejò. Ọkọ tó ń dúpẹ́ omi mímu lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Kò sí ọmọ láàárín wa. Àwọn èèyàn ní ohun tó fà á nìyẹn, wọ́n sọ ọ́ débi pé ó sú mi láti dá wọn lóhùn. Báwo ni oyún ṣe fẹ́ ti Kàdúná wá bá mi? Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò bi mí léèrè rí. Ó ń ta òrí àti ọṣẹ dúdú ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí mo bá sì ti ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Á ní kí n na ẹsẹ̀, á máa fi òrí pa á fún mi, pé iṣẹ́ ìdúró ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, á sì máa ròyìn ọjà fún mi títí oorun á fi gbé mi lọ. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí ju ọmọ rẹ̀ lọ, mo sì sọ ọ́ fún ọmọ náà lójúkojú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀.

Torí náà, nígbà tí ọkọ mi wá ṣọdún Iléyá, tó ní, "Ṣé o ò rí i pé a kàn ń fìyà jẹ ara wa ni?" n kò bínú. Mo ní mo rí i. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́: ká ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, kí n ṣì lè máa wọlé tọ ìyá rẹ̀ bí ọmọ. Ó ṣèlérí fún mi.

Lọ́yà kan wà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tiwa. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ìgbéyàwó onísátífíkéètì la ṣe. Mo ní rárá o. Mùsùlùmí ni ọkọ mi, ọmọ Onítẹ̀bọmi lèmi. Pásítọ̀ wa ní òun ò ní so wá pọ̀, lèmọ́mù àdúgbò wọn ní àfi kí n kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn. Àwọn bàbá wa ló jókòó sílé, tí wọ́n ṣe ìdána, tí wọ́n gbàdúrà lọ́nà méjèèjì, tí wọ́n ní kí n máa lọ ilé ọkọ.

"Ẹ ò wá nílò mi nìyẹn, sístà," ni lọ́yà wí. "Ká ní ẹ ní sátífíkéètì ni, Háì Kọ́ọ̀tù nìkan ló lè tú u ká, ó sì ṣòro láìsí lọ́yà. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, tí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì, tí àwọn méjèèjì sì fara mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa da ara rẹ̀ láàmú pé ta ló jẹ̀bi. Tiyín yìí, ti ìbílẹ̀ ni. Ẹ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, ẹ fẹnu ara yín rojọ́, ó parí."

Mo bi í pé ṣé n kò kàn lè máa gbé ilé mi lọ láìdé kóòtù kankan, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń ṣe. Ó mirí. Ó ní lójú ìbílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni mo ṣì jẹ́, àti pé bí mo bá bímọ fún ẹlòmíràn lọ́la, ọkọ àkọ́kọ́ lè wá sọ pé òun ló lọmọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde pẹ̀lú ìdùnnú pé tiwa ló rọrùn jù. Títí di ìsinsìnyí ni mò ń rò ó pé ká ní pásítọ̀ kan ti ṣàánú fún wa ní bébà yẹn ni, à bá ti túká láìba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́.

A jọ lọ sí kóòtù náà ní Ọ̀yọ́ ni. Àwọn tọkọtaya yòókù kẹ̀yìn síra wọn, wọ́n ń pòṣé. Àwa ń pín ẹ̀pà jẹ. Nígbà tí wọ́n pè wá, ààrẹ kóòtù, àgbàlagbà kan tó ní gíláàsì lójú, béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"A ò jà o, sà," ni ọkọ mi wí. "A kàn fẹnu kò ni."

Bàbá náà yọ gíláàsì rẹ̀, ó yíjú sí mi. "Ṣé ó ń nà ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Kì í fún ọ lówó oúnjẹ?"

"Ó ń fún mi, sà."

"Kí lẹ wá ń wá níbí? Àwọn tó ń jà là ń là níjà. Èwo ni ká là nínú tiyín? Ẹ padà sílé. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ kó ẹbí yín dání, kí wọ́n wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣe yín fún mi."

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Níta, mẹ́sẹ́ńjà kóòtù tẹ̀ lé wa, ó fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí á má jẹ́ kí bàbá yẹn máa fi wá ṣe lọ-bọ̀. Kí ọkọ mú ẹ̀sùn kan wá, bó ti wù kó kéré mọ, kí ìyàwó sì sọ pé òun ò ní àtakò. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa tú wa ká. Kò ní èrò burúkú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn.

A wọ ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ibẹ̀, a ra Fáńtà, a sì ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀.

"Ẹ sọ pé alágídí ni mí," ni mo wí.

"Irọ́ ni wọ́n ní ká wá pa," ó dáhùn, "ìwọ wá ń ní kí n sọ òótọ́."

Mo fi ìdérí ìgò sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí Fáńtà fi gba imú rẹ̀ jáde. Ó pẹ́ tí a ti jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo wò ó, mo rí i pé èyí lọkùnrin tí mo gbà láti fẹ́ nígbà tí ìjọ ní kí n má fẹ́ ẹ, àyà mi sì já. Bóyá tirẹ̀ náà já. Ó dùn mí títí dòní pé kò sẹ́ni tó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì jókòó síbí ná." A dá ìgò padà fún oníṣọ́ọ̀bù, a dìde. Kí á tó pínyà, mo bi í pé ṣé ó ti sọ fún Ìyá pé eré lásán la fẹ́ ṣe. Ó ní rárá, pé Ìyá ò ní gbà kí á lọ máa purọ́ ní kóòtù. Tó bá parí, òun á ṣàlàyé.

Ìyá wá lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, pẹ̀lú àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀. Àbúrò bàbá tèmi náà wá láti Ìkòyí-Ilé. Ọkọ mi di Kùránì mú, ó búra. Ó ní alágídí ni mí, n kì í gbọ́ràn.

"Obìnrin wo ni kì í ṣe alágídí láyé òde òní?" ni ààrẹ kóòtù wí. "Sọ ọ̀kan tó ṣe, kí n gbọ́."

A ò múra ìyẹn sílẹ̀. Mo rí i tí òógùn bò ó. Ojú rẹ̀ ń sá kiri inú kóòtù bí ẹni ń wá ohun tó sọ nù, ó sì bọ́ sára ìyá rẹ̀.

"Nígbà tí ìyá mi ṣàìsàn, sà," ó ní, "mo ránṣẹ́ sí i pé kó wá tọ́jú wọn. Ó kọ̀. Kò wá."

"Nọ́ọ̀sì kẹ̀!" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn mi.

Òótọ́ ni pé ibà dá Ìyá dùbúlẹ̀ nígbà òjò tó kọjá. Òótọ́ ni pé n kò wá. Àmọ́ ọkọ mi ní Kàdúná ni wọ́n ránṣẹ́ sí, òun ló sì ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé òun á sọ fún mi. Ó gbàgbé. Nígbà tí mo gbọ́, Ìyá ti ń dìde rìn, ó ti gbẹ. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní ara ti yá, kò bi mí pé níbo ni mo wà. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún un, ọmọ rẹ̀ sì sọ fún mi pé òun ti ṣàlàyé. Ọjọ́ yẹn ní kóòtù, nígbà tí mo rí bí Ìyá ṣe ń wò mí, ni mo tó mọ̀ pé kò sọ nǹkan kan, pé láti ìgbà náà ni obìnrin yìí ti ń gbé ìbéèrè náà nínú.

Ààrẹ kóòtù kọjú sí mi. "Ìwọ nọ́ọ̀sì, o gbọ́ o. Kí lo rí sọ?"

Bíbélì wà lọ́wọ́ mi. Mo wo Ìyá. Ó ti sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí kí n ní irọ́ ni. Bí mo bá sì ní irọ́ ni, ẹjọ́ tí kò níjà ti dìjà nìyẹn, ọmọ rẹ̀ sì ti búra èké níṣojú rẹ̀.

"N kò ní àtakò, sà," ni mo wí.

Ìyá fi ìborùn bo ojú rẹ̀. Wọ́n béèrè owó ìdána, àbúrò bàbá mi ní ilé wa ti dá a padà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n sì tú wa ká kó tó di ọ̀sán. Níta, ọkọ mi àtijọ́ di ọwọ́ mi mú, ó ní ẹnu òun ló ṣì, pé òun á lọ sọ òótọ́ fún Ìyá. Èébú tí mo bú u, n kò ní kọ ọ́ síbí, torí àwọn ọmọ ìjọ wa lè kà á. Ó padà sí Kàdúná láìsọ nǹkan kan. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè ṣe é, mo sì bínú sí i fún un ju gbogbo ọdún tí kò fi wálé lọ.

Nígbà tó yá, mo lọ fúnra mi. Mo bá Ìyá ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Akẹ̀sán, mo kúnlẹ̀, mo ní mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kóòtù.

"Àlàyé wo?" ó ní. "Kùránì wà lọ́wọ́ ọmọ mi, Bíbélì wà lọ́wọ́ ìwọ náà."

"Ìyá, ẹ jẹ́ n..."

"Dúró. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ṣé ọmọ mi fi Kùránì parọ́ ni?"

Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn, torí rẹ̀ ló sì ṣe ń gbààwẹ̀ ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdè. N kò tíì rí ẹni tó bẹ̀rù ìbúra èké tó Ìyá. Ó lè dárúkọ àwọn tó búra bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wọn àti irú ikú tó pa wọ́n. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ mi padà bọ̀ sípò, mo sì tún di ọmọ rẹ̀. Àmọ́ obìnrin yìí ò tún ní sùn mọ́. Gbogbo mọ́tò tó bá dànù lọ́nà Kàdúná, ọmọ rẹ̀ ni yóò máa rí nínú rẹ̀.

"Rárá, Ìyá," ni mo wí. "Òótọ́ ló sọ. Ó ránṣẹ́ sí mi, n kò wá. Ẹ foríjì mí."

Ó mí kanlẹ̀. Ìtura ni mo rí lójú rẹ̀, ó sì dùn mí wọra. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní òun ti foríjì mí, pé kí Ọlọ́run náà foríjì mí.

"Bí o bá tún rí ọkọ fẹ́," ó ní, "má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá tiẹ̀ o."

Mo ní mo gbọ́, Ìyá, ẹ ṣé. Mo dìde, mo lọ wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́.