Omi Kì Í Ṣáájú Ọwọ́

Òórùn ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí koríko gbígbẹ níhìn-ín ní Dallas, òórùn náà máa ń padà wá bá mi, á sì dá mi padà sí ọ̀sán Sátidé kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdákẹ́ pa èèyàn.

Nígbà náà, mo ti gba másítà nínú ìmọ̀ ìṣèlú, mo sì ń kó ìgbẹ́ ẹṣin. N kò pè é bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Euless, nọ́ọ̀sì àti oníkọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú wọn, gbà pé iṣẹ́ ìṣàkóso eré ìdárayá ni mò ń ṣe. Ọ̀gá mi ni Alhaji kan, ọmọ Ìlọrin, tí bàbá rẹ̀ tọ́jú ẹṣin ọba nílé. Ẹṣin mẹ́ta péré ló ń kọ́ fún eré ìje, nínú ilé onípákó kan tó háyà lẹ́yìn ìlú Mesquite. Bó bá di ọ̀sán, á wakọ̀ lọ máa di ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó ń bá a gùn wọ́n ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọkùnrin kúkúrú kan tó ti lé lógójì ọdún. Ó ti ṣubú rí, irin ni wọ́n fi so egungun èjìká rẹ̀ pọ̀, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ara rẹ̀ kò ní gba ìṣubú kejì. Ìyàwó rẹ̀ kì í wá wòran mọ́.

Òfin kan ṣoṣo ni Alhaji ní: omi kì í ṣáájú ọwọ́. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó da omi sẹ́sẹ̀ ẹṣin, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti orúnkún dé pátákò. Bó bá tutù, kò séwu. Bó bá gbóná, nǹkan ń ṣe egungun tàbí iṣan inú rẹ̀, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì lè kán lórí eré, kí ẹṣin da ẹni tó gùn ún sábẹ́ pátákò àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ka òfin yìí sí àṣà àwọn tí kò kàwé. Mo tilẹ̀ ra ẹ̀rọ kékeré kan tí ń wọn ooru. Alhaji wò ó, ó wò mí.

"Ọ̀mọ̀wé," ló wí, "ẹ̀rọ yìí mọ bó ṣe gbóná lónìí. Ṣé ó mọ bó ṣe rí lánàá?"

Abo ẹṣin pupa kan ló dáa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ni ín, dókítà eyín kan tó mọ fọ́tò ẹṣin í yà ju bí wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ lọ, ti sọ pé bí kò bá sáré ní Sátidé yẹn, òun á gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fọwọ́ bò ó jẹ ni. Tèmi kò tíì ta, mo ti pe ará ṣọ́ọ̀ṣì wá jẹun: mo ní kí wọ́n wá wo ẹṣin mi lórí eré. Kí ẹṣin "mi" lè máa dán lójú wọn, mo ṣáájú Alhaji dé láàárọ̀, mo fi páìpù omi wẹ̀ ẹ́ láti orí dé pátákò, mo sì nù ún gbẹ fínnífínní. Nígbà tí omi tútù kan ẹsẹ̀ iwájú òsì, ó tì í sún mọ́ omi náà, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà tó fún un. Mo rí i. Mo rò pé ó fẹ́ràn ìmọ́tótó bíi tèmi ni.

Alhaji dé, ó kúnlẹ̀, ó wọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ó tutù. Alhamdulillah." Mo ti páìpù omi náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò sọ pé mo ti lò ó.

Nígbà tó di ọ̀sán, nínú ọgbà tí wọ́n ti ń fi ẹṣin han àwọn òǹwòran kí wọ́n tó gùn wọ́n, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọn ekuru kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ti ọ̀tún tutù. Ti òsì dà bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ni. Ṣùgbọ́n oòrùn wo ló ń yan ẹsẹ̀ kan láàrin mẹ́rin? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń juwọ́ sí mi lẹ́yìn irin ọgbà náà. Dókítà eyín ń tún táì rẹ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji, tó gbàyè níbi iṣẹ́ ẹrù lọ́jọ́ náà.

Agẹṣin wa dé, ó sì béèrè ohun tó máa ń béèrè nígbà gbogbo.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó tutù." Ẹnu mi ló sọ ọ́, èmi kọ́.

Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ mi kí n gbé e sókè, bí a ti máa ń ṣe. Àwọn yòókù ti gun tiwọn. Ẹsẹ̀ náà fúyẹ́ bíi tọmọdé. Ọwọ́ mi kò gbéra.

"Gbé mi jàre! Àbí ìwé ti jẹ agbára rẹ tán?"

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò lè gbé yín."

"Kí ló dé?"

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbóná. Mo da omi sí i láàárọ̀, kí Alhaji tó fọwọ́ kàn án."

Alhaji kúnlẹ̀ sínú ekuru pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí ẹsẹ̀ náà. Ó dìde, kò wò mí, ó ké sí dókítà ẹran. "Kò ní sáré."

"Alhaji!" ni dókítà eyín wí. "Níwájú gbogbo èèyàn yìí?"

"Iwájú wọn náà ni ì bá ti ṣubú, sà."

Àwòrán tí dókítà ẹran yà fi hàn pé egungun ti sán, tínrín bí irun orí. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkọ̀ wá gbé ẹṣin náà lọ. Alhaji fúnra rẹ̀ ló fà á wọ inú ọkọ̀, ó sì ń ṣàlàyé fún awakọ̀ bó ṣe fẹ́ràn kí omi mímu rẹ̀ rí. Kò lé mi. Agẹṣin nìkan ló ń bá mi ṣàwàdà, pẹ̀lú ọwọ́ lórí èjìká onírin yẹn: "Ọ̀mọ̀wé, ṣé bí ẹ̀mí mi ṣe wúwo nìyẹn?" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, arábìnrin kan bi mí pé, "Ṣé ìwọ fúnra rẹ ló ń wẹ ẹṣin ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ń kó ìgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Wọn kò sọ ohun tí tẹ̀yìn ń wò bí tiwájú bá ṣubú. Lónìí, inú ọ́fíìsì tútù ni mo wà, oyè mi gùn ju orúkọ mi lọ. Láàárọ̀ Sátidé, mo ṣì máa ń wakọ̀ lọ sẹ́yìn Mesquite. Ẹṣin méjì ló kù. Alhaji á nawọ́ sí mi pé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Á béèrè pé, "Báwo?" Màá sọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà, òun náà á rọra kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ á dún, á sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

N kò bínú sí i.