Obìnrin Tó Ń Tẹ́tí sí Kéèkì

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn fànílà, ìyàwó ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní àdúgbò Nombakélé ní Gabon ni mo máa ń rántí. Yóò di ojú, yóò tẹ́tí sí kéèkì nínú ìkòkò oníyanrìn gbígbóná, yóò ní, "Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ ná."

Ta ló ń tẹ́tí sí kéèkì? Ẹyọ ìgbálẹ̀ lèmi fi ń gún tèmi wò.

Síbẹ̀, nígbà tí ibi iṣẹ́ àwọn ọkọ wa fẹ́ ṣàjọyọ̀ òmìnira Gabon, òun ni wọ́n bẹ̀ pé kó ṣe kéèkì. Ajọ̀ tí mo fi ń ku ìyẹ̀fun nìkan ló wá yá lọ́wọ́ mi. Ó fi ṣúgà aláwọ̀ ewé, ìyeyè àti aró ṣe àsíá tuntun sórí rẹ̀. Níbi àríyá, mo jókòó, mò ń retí kí ooru yọ́ ṣúgà náà. Kò yọ́.

Ọ̀gá wọn béèrè ẹni tó ṣe é. Obìnrin náà fà mí lọ́wọ́ dìde, ó ní, "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí la jọ ṣe é."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́. Títí dòní, n ò tíì dárí ìyẹn jì í.