Ẹnìkan Ṣoṣo Nínú Kàyé Ayọ̀ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé mi yìí rẹ́rìn-ín. Kíláàsì karùn-ún ni mo kà dé kí n tó kúrò nílé ìwé, abẹ́rẹ́ sì mọ́ mi lọ́wọ́ ju kálàmù lọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ta kókó níbì kan, ẹ bá mi tú u.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́ ní Douala, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar, nínú New Bell. Yorùbá bíi tèmi ni ọ̀gá wa, ọmọ iṣẹ́ méjì péré ló sì ní. Ẹnìkejì mi fi ọdún méjì kéré sí mi, ṣùgbọ́n ó ti fi oṣù mẹ́jọ wọ ṣọ́ọ̀bù ṣáájú mi. Láàárín àwa tó ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ tí èèyàn wọlé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i. Nítorí náà, Àǹtí ni mò ń pè é. Mò ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"Káàárọ̀. Ṣé o ti gbálẹ̀?"

Ẹ̀yin ni mò ń pè é lẹ́nu. Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa pè é. Ẹ jẹ́ kí n jẹ ìgbádùn kékeré yẹn.

Douala ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wọlé, Faransé á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Èmi tí mo wá láti Èjìgbò, bí wọ́n bá kí mi, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ọ̀gá á ní, "Ìwọ, ṣé oúnjẹ nìkan ni Ọlọ́run dá ẹnu rẹ fún ni?" Àǹtí á rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà. Inú rẹ̀ kàn máa ń dùn ni. Iná lọ, inú rẹ̀ dùn. Òjò wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọrin bó ṣe ń gbá omi jáde. Èmi á máa wò ó, àyà mi á máa ta mí bí ẹni tó fi inú òfìfo jẹ ata.

Lọ́jọ́ kan, mo bi í níbi tó ti rí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ bàbá kan ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí pálọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú láti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ọgbọ́n àti ìdùnnú tó ń pẹ́. Mo tẹ̀lé e lọ. Kì í ṣe ọgbọ́n ni mò ń wá. Ohun tó ní ni mo fẹ́ gbà.

Bàbá ní kí a pín ohun gbogbo sí méjì: èyí tó wà níkàáwọ́ wa àti èyí tí kò sí níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gbé ayọ̀ rẹ̀ lé èyí tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀, ilé àyágbé ló ń gbé. Ó ní kí kálukú ra kàyé, ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, kó máa kọ ohun rere mẹ́ta sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ra tèmi nígbà tí mò ń padà sílé. Mo yan èyí tó nípọn ju ti Àǹtí lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọ̀gá gbé àǹkárá aláwọ̀ ewé kan fún Àǹtí, tí ẹyẹ funfun kún inú rẹ̀, ó ní kó dá kaba oníbàárà kan rán.

"Bí èyí bá dáa, màá dá ọjọ́ ìgbòmìnira rẹ. Bó bá bàjẹ́, ọdún kan sí i!"

Ọjọ́ ìgbòmìnira ni ọ̀gá máa ń gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ tó ti mọṣẹ́, tó sì máa ń fi sísọ́ọ̀sì tuntun lé e lọ́wọ́. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ní Sátidé, Àǹtí tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì. Ó gé iwájú, orí àwọn ẹyẹ wà lókè. Ó wá yí aṣọ po láti gé ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà tí mò ń lọ aṣọ, mo sì rí i kedere pé àwọn ẹyẹ náà ti dorí kodò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa bi mí? Ta ni kò mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀? Sísọ́ọ̀sì wọ inú aṣọ. Ó fi òwú funfun so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, kó lè fi ẹ̀rọ rán an ní ọjọ́ Ajé, ó sì gbé e kọ́ láì yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ọ́ sínú kàyé mi bí ohun rere àkọ́kọ́: Àǹtí gé ẹyẹ lódì.

Lọ́jọ́ kejì, ní pálọ̀ rẹ̀, Bàbá ní kí kálukú ka ọ̀kan nínú ohun rere tó kọ. Àǹtí dìde. "Lánàá, iná wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́."

"Irọ́!" ọmọkùnrin kan pariwo. "New Bell wo nìyẹn?"

"New Bell àwa tí a ń sanwó iná!" ni Àǹtí dá a lóhùn.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kọjú sí mi. "Ọmọ mi, tìẹ ńkọ́?"

Mo pa kàyé mi dé.

"Bàbá, ó ń tijú," ni Àǹtí sọ. "Ẹ fi í sílẹ̀, á kà á lọ́jọ́ mìíràn."

Ó gbà mí sílẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ fún ìyẹn náà.

Bàbá ní ó dáa, kí kálukú ka tirẹ̀ sínú, kó wo àwọn èèyàn tó kọ sínú rẹ̀. Mo ṣí i. Ọjọ́ Ajé: Àǹtí fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ọ̀gá bá Àǹtí wí. Ọjọ́rú: bàtà Àǹtí já lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dórí ẹyẹ. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà nínú kàyé ayọ̀ mi, kì í sì í ṣe èmi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ayọ̀ mi ń gbé, nígbàkigbà tí inú rẹ̀ bá sì dùn, ó ti lé mi síta nìyẹn.

A jọ gun bẹ́ńsíkìn kan, ọ̀kadà ilẹ̀ ibí, padà sílé, èmi lẹ́yìn, òun láàárín èmi àti ọlọ́kadà. "Ọ̀la ni kaba yẹn o," ó ní. "Àyà mi ń já." N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. "Bí mo bá gbòmìnira, ta ni á máa kúnlẹ̀ kí mi?"

"Ẹ máa ṣe é dáadáa, Àǹtí," mo ní. Ìlara ṣì wà láyà mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tètè dé ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ èmi tí mò ń gbálẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Mo fi abẹ tú òwú funfun náà. Mo tẹ́ ẹ̀yìn kaba sẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú, kí Àǹtí lè rí àṣìṣe náà kí ọ̀gá tó dé. Mo fi téèpù wọn aṣọ tó kù, èyí tí oníbàárà fẹ́ fi ṣe gèlè: ó tó ẹ̀yìn mìíràn bí a bá so abala méjì pọ̀ láàárín. Èyí tó bàjẹ́ á di gèlè. Gèlè kò mọ ibi tí orí ẹyẹ wà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà ẹ̀yìn tuntun sára aṣọ tó kù náà, orí àwọn ẹyẹ lókè. N kò gé e: ọwọ́ Àǹtí ló yẹ kó gé e. Mo gbé sísọ́ọ̀sì lé e lórí, ibi ìdìmú rẹ̀ kọjú sí àga Àǹtí, mo sì mú ìgbálẹ̀.