Fíìmù Àtijọ́ àti Bàbá Ìyàwó Mi

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń gbé àpótí àwọn àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Des Plaines, ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, tí mo sì ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀wù pupa ni wọ́n fún wa wọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán yinrin. Àwọn àlejò kì í wo ojú wa, ẹ̀wù yẹn ni wọ́n ń rí. Èmi ò tiẹ̀ bìkítà, ìfẹ́ ló gba gbogbo ọkàn mi. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, mùsùlùmí bíi tèmi, a sì ti fẹnu kò pé a ó fẹ́ra wa. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kí bàbá rẹ̀ gbà.

Apòògùn ni bàbá náà ní ilé ìwòsàn kan, Naperville ló ń gbé, Àlàájì ni gbogbo wa sì ń pè é. Lẹ́yìn Ọlọ́run àti ìdílé rẹ̀, n kò rò pé ohun kan wà tó fẹ́ràn tó fíìmù apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ kan, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tó wò ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀. Ìtàn ìránṣẹ́ kan ni, tó wọ kóòtù ọ̀gá rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, tí gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún un. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọn òṣèré mìíràn ṣe fíìmù náà lákọ̀tun ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àwọ̀ mèremère sí i, wọ́n fi eré ìje mọ́tò sí i. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lọ wo tuntun yìí ní sinimá, mo sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ti àtijọ́ ńkọ́? N kò fojú kàn án rí.

Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Auburn Gresham, tó ń wa takisí, ló mú mi lọ kí Àlàájì. Inú mọ́tò ló ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Àbúrò, tí bàbá yẹn bá ti dárúkọ fíìmù, ti àtijọ́ ló dáa jù o! Ohunkóhun tó bá sọ, ‘bẹ́ẹ̀ ni sà’ ni kí o sọ. Má lọ ṣe Amẹ́ríkà sí i lára.” Ìmọ̀ràn yẹn bá mi lára mu. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa náà nìyẹn, ẹnu ọmọdé kò gbọdọ̀ ta ko ti àgbà. Láti kékeré ni mo ti ń fi ‘bẹ́ẹ̀ ni sà’ bọ́ nínú wàhálà, mo sì gbà pé ó máa gba ìyàwó fún mi pẹ̀lú.

Nígbà tí a dé ilé Àlàájì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. A kí irun Alásárì tán, a jẹun, Àlàájì wá kọjú sí mi.

“Ṣé o ti wo fíìmù yẹn, ti àtijọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?”

“Ti àtijọ́ ni, sà. Ariwo lásán ni tuntun yẹn.”

Àfẹ́sọ́nà mi, tó ń gbé omi bọ̀, wò mí tìyanutìyanu. Àlàájì rẹ́rìn-ín músẹ́. “O káre. O rántí ibi tí ìránṣẹ́ yẹn ti gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ ilé oúnjẹ?”

“Háà, Àlàájì! Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí níbẹ̀, sà!” Mo tiẹ̀ fọwọ́ lu itan.

Ó rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. “Kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kankan nínú rẹ̀.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò lo ìṣẹ́jú márùn-ún. Yéè, ojú tì mí! Ẹ̀gbọ́n mi tó gbà mí nímọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú abọ́ ìrẹsì bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù síbẹ̀. Àlàájì ò pariwo, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ó ní, “Apòògùn ni mí. Bí aláìsàn bá sọ fún mi pé ara òun ti yá, kìkì nítorí pé mo dàgbà jù ú lọ, oògùn tí mo bá fún un lè pa á. Lọ́jọ́ tí ara ọmọ mi ò bá yá, tí mo bi ẹ́, ṣé ‘bẹ́ẹ̀ ni sà’ lo máa sọ fún mi?” Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, èmi nìkan, kí a jọ wo fíìmù náà.

Àfẹ́sọ́nà mi pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ yẹn pé bí mo bá tún purọ́ fún bàbá òun, òun fúnra òun ò ní fẹ́ mi mọ́. Ẹ̀rù bà mí nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣeré.

Ọjọ́ Àìkú pé, Àlàájì ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ fídíò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu omijé, èmi jókòó bí òkúta. Fíìmù náà ń falẹ̀ ní tèmi. Ẹ̀rín èké dé ọ̀nà ọ̀fun mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé e mì. Nígbà tó wá kan ìparí, níbi tí àṣírí ìránṣẹ́ náà ti tú, ara mi sọ. Nínú tuntun, orí tábìlì ló gùn, ó sọ̀rọ̀ gígùn fún àwọn ọlọ́lá, orin sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ti àtijọ́, kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ kóòtù náà, ó gbọn eruku èjìká rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó, ó gbé àwo rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo rántí ẹ̀wù pupa mi lórí ìkọ́ ní Des Plaines, omi sì bọ́ lójú mi.

“Ó yá, èwo ló dáa jù?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Tuntun ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Tiyín ò fi bẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n ba ìparí jẹ́ nínú tuntun. Ẹni tó bá ti wọ irú aṣọ yẹn rí mọ̀ pé èèyàn kì í sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń bọ́ ọ.”

Ó dìde, ó pa ẹ̀rọ fídíò. Mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ tí mo máa bá àfẹ́sọ́nà mi sọ.

“Fíìmù mi ò pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. “‘Bẹ́ẹ̀ ni sà’ àkọ́kọ́ tí mo máa gbà gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyí!” Ó kọjú sí ilé ìdáná, ó ké sí àwọn ará ilé pé, “Ẹ gbé omi tútù wá fún àna mi!”

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Èmi náà ti di bàbá onílé, orí mi ti funfun, ìyàwó mi sì ṣì máa ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn bú mi. Nígbà tí Àlàájì dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbẹ̀yìn, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ó dúró kí wọ́n jáde tán, ó bi mí, “Ṣé òótọ́ ni?” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, “Rárá, sà.” Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ gbé fíìmù wá.

Mo ní, “Ti àtijọ́, sà?”

Ó ní, “Tuntun ni, jàre. Mo ti mọ bí ti àtijọ́ ṣe ń parí. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín.”