Ràbí Kò Jẹ́ Sọ Pé Ó Ń Dun Òun

Òórùn jafẹ́ẹ̀lì, omi apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ọsibítù yẹn, kò tíì kúrò nímú mi. Tí wọ́n bá ti dà á sílẹ̀ láàárọ̀, tí òórùn dòdò tí àwọn obìnrin ń dín lẹ́nu géètì wá pàdé rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ aṣọ bo imú. Ibẹ̀ ni Ràbíátù ìyàwó mi dùbúlẹ̀ sí, kí ìbò tó da Abidjan rú.

Ebi ló kọ́kọ́ ń mú kí Ràbí máa dákú. Ní ọjà Yopougon tó ti ń ta abọ́ tánganran, á kàn dédé máa làágùn, á máa sọ ìsọkúsọ, ojú rẹ̀ á ṣú. Tí Àwá tó ń ta aṣọ nítòsí rẹ̀ bá ti fún un ní tíì tó dùn dáadáa, ó dìde nìyẹn, á tún máa bá oníbàárà ná ọjà. Àwọn ará Ṣakí ìlú wa tí a jọ wà níbẹ̀ sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ó pẹ́ kí dókítà Kuamé tó rí kókó kékeré kan lára ẹ̀yà inú tó wà lẹ́yìn ikùn, páńkíréásì ni wọ́n ń pè é. Kókó yẹn ló ń tú nǹkan tó ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n là á, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi lè máa gbabẹ̀ jáde. Dókítà ní ìdákú ti parí, ṣùgbọ́n ojú ibi tí òun gé lè máa jo, omi tó sì ń da oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Tí kò bá rí oúnjẹ dà, ara èèyàn ni yóò máa dà. "Tó bá ń dùn ún, kó sọ." Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wá nìyẹn.

Ẹ̀yin náà sì mọ ilé tí a ti wá. Ẹni tó bá kí wa láàárọ̀, "a dúpẹ́" la máa ń dá a lóhùn. Dókítà á wọlé, á ní, "Ça va, maman?", ìyẹn ni pé ṣé àlàáfíà ni. Ràbí á tún ìborùn rẹ̀ ṣe, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ça va, docteur. Àlùhámúdù líláì." Dókítà á kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ìgbà tó bá jáde tán ni Ràbí á tó di ikùn mú, tí á máa gé ètè rẹ̀ jẹ.

Mo bínú títí. Mo ní kí Sẹ̀lífá, ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, tó gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ, bá mi sọ fún dókítà pé ó ń dun ìyá rẹ̀. Ọmọ náà sọ ọ́. Dókítà yíjú sí Ràbí, ó bi í bóyá òótọ́ ni. Ràbí wo Sẹ̀lífá bí ẹni tó tú aṣọ ìyá rẹ̀ lójú ọjà.

"Sọ fún un pé mo dúpẹ́. Bàbá ẹ ni kó lọ tọ́jú, òun ló ń gbọ̀n."

Sẹ̀lífá túmọ̀ rẹ̀, dókítà rẹ́rìn-ín, gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ku àwa méjì, mo bi í pé ta ló ń fi ìrora náà pamọ́ fún.

"Ọkùnrin yìí ṣe wàhálà lórí mi," ó ní. "Ṣé kí n wá máa ráhùn sí i lójú? Ìwà aláìmoore nìyẹn."

Nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń dúpẹ́, tí omi inú rọ́bà náà sì ti dín kù, wọ́n yọ rọ́bà. Kò pẹ́ tí ibà fi gbé e, tí ikùn rẹ̀ sì le bí pákó. Àmínátà, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ràn rẹ̀, fi ọwọ́ kàn án, ó sì sáré lọ pe dókítà. Wọ́n tún gbé e wọlé iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí dókítà Kuamé jáde, ó ti ṣí fìlà lórí. Ó ní omi yẹn ti ń jò tipẹ́, ó ti tàn kárí inú.

"Kí ló dé tí kò sọ?" ó bi mí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ilé wa fún un? Ràbí ò rí ọjọ́ kejì.

Mo bá òkú jà fún ìgbà pípẹ́. Mo máa ń bi í lórí ẹní àdúrà pé ta ló ní kó dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn wá ń kí mi kú ìrọ́jú, tí wọ́n ń bi mí pé ṣé ara le, mo kọ̀, mi ò dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́.

Mo ti darúgbó báyìí. Láràárọ̀ ni Sẹ̀lífá máa ń fóònù: "Bàbá, ça va?" Mo máa ń sọ fún un pé orúnkún ń dùn mí, pé oorun kì í kùn mí mọ́, pé àárò ìyá rẹ̀ ń sọ mí. Á ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ti ń ráhùn jù." Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí mo bá ráhùn tán ni mo tó ń sọ pé mo dúpẹ́.