Ọjọ́ Tí Wọ́n Dẹ Ajá sí Wa

N kò lè gbàgbé ọ̀sán Sátidé tí ọkùnrin kan dẹ ajá sí wa. Rippleside, ní ìlà-oòrùn London, ni mo ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n nígbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bọ́lá, ni mo wà ní ìgbèríko Amẹ́ríkà, láàárín oko àgbàdo. À ń gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ sí ìlú kejì nígbà tí ọkùnrin náà dá wa dúró.

"Kí lẹ̀ ń wá níbí?"

Àǹtí ní, "Ibí là ń gbé."

Ló bá tú ajá rẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ sá.

Àǹtí kígbe pé, "Má sáré! Bọ́ sẹ́yìn mi!"

Ajá bu Àǹtí jẹ lápá. Ọkùnrin náà kàn ń wò wá.

Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná, Àǹtí padà sójú ọ̀nà yẹn. Èmi kò lè bá a lọ. London ni mo sá wá.