Ìlà Funfun Tó Yà Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé tí a jọ kàwé ní yunifásítì pé ahunṣọ Ìsẹ́yìn a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùkù sínú aṣọ, kí ènìyàn má baà bá Ẹlẹ́dàá dọ́gba. Irọ́ gbuu ni. Mo jókòó sídìí òfì lọ́dọ̀ Bàbá Ràímì, ọ̀gá mi, fún ọdún mẹ́fà kí n tó mọ ọ̀nà yunifásítì. N kò rí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ba aṣọ jẹ́ níbẹ̀. Àṣìṣe tèmi, àìfọkànsí ló bí i.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí ogun àgbáyé kejì ti àwọn òyìnbó bẹ́ sílẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́ gbé òwú tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ran wá láti Ìlerò. Ẹtù ni ó fẹ́: aṣọ dúdú, kí ìlà funfun kan gba àárín abala kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ ń jáde lórí òfì. A ó gé e sí abala, a ó wá rán wọn pọ̀. Bàbá Ràímì ní kí n dá a hun. Bí ó bá gún, òun yóò yọ̀ǹda mi lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́. Bí kò bá gún, ó di ọdún méjì sí i.

Títa òwú ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wa: a ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, a ó máa fa òwú lọ, fà á bọ̀, a ó sì máa kà á. Àríyànjiyàn ìjàkadì ni mo ń bá ẹnì kan ṣe bí mo ti ń kà á lọ. Òwú funfun bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti hun ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta kí n tó rí i. Mo panu mọ́, mo hun ún tán.

"Ta ló ta òwú yìí?" ni Bàbá Ràímì bi mí.

"Èmi ni, bàbá."

"Ṣé o mọ àárín yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá."

"Òwú nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, àbí?"

Ẹnu èyí ni Ìyá Àdùkẹ́ bá wa. Ó tẹ́ abala méjì sórí ẹní, ó wò wọ́n, ó sì yí ọ̀kan dorí kodò. Ìlà funfun méjèèjì sún mọ́ra bí ọkọ àti ìyàwó tuntun. Dúdú fẹ̀ rẹrẹ lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

"Ẹ rán gbogbo rẹ̀ báyìí."

"Ẹtù tí a mọ̀ kọ́ nìyẹn, Ìyá Àdùkẹ́," ni Bàbá Ràímì wí.

"Ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín. Ẹ̀yin ọkùnrin, ohun tí ẹ bá ti nà gbọọrọ, ẹ kì í rántí yí i padà."

Bàbá Ràímì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yọ̀ǹda mi. Ó ní orí ló kó mi yọ, iṣẹ́ kọ́.

Oṣù náà kò tíì parí tí ìyálé Ìyá Àdùkẹ́ fi gbé òwú tirẹ̀ dé. "Bí ti ìyàwó mi gan-an ni mo fẹ́. Kò gbọdọ̀ fi òwú kan yàtọ̀."

Bàbá Ràímì kọjú sí mi. "Ìdánwò rẹ rèé. Lọ́jọ́sí, o kàn ṣì í ni. Wá ta á wàyí."

N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka òwú náà, kí àṣìṣe yẹn lè pé. Nígbà tí mo hun ún tán, Bàbá Ràímì fi ìka tọ ìlà funfun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí ibi tí ó ti yẹ̀.

"Lọ wá ibi tí o ó dá òfì tìrẹ sí," ni ó wí.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti yan ibẹ̀ sọ́kàn. Mo sáré débẹ̀ kí ó tó yí ọkàn padà.